Obìnrin Tó Lórúkọ

 

Kí ẹ̀yin tí ẹ wá sí àpéjọ ẹgbẹ́ wa ní Chicago tó padà sílé, ẹ yà sí Art Institute ìlú yìí. Wọ́n ní òpó kan tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. Ọba jókòó, ó dé adé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ fíìfíì. Àwọn baba wa ò fi ọlá du obìnrin nínú ọnà. Ṣùgbọ́n oyè ọba ni wọ́n fi ń pe òpó náà. Olorì lásán là ń pe obìnrin tó dúró tì í gbágbáágbá.

Ère obìnrin ò wọ́n ní gbangba. Ìyá tó pọnmọ wà, omidan tó ru ìkòkò wà. Obìnrin tó lórúkọ, tí a mọ iṣẹ́ rẹ̀, ló wọ́n. Ní Central Park, New York, ère Alice inú ìwé àwọn ọmọdé ti wà láti 1959. Ó di 2020 kí ère Sojourner Truth, ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tó débẹ̀. Ẹni inú àlọ́ ló kọ́kọ́ ráyè!

Síbẹ̀, a ti rí díẹ̀ tó lórúkọ. Ní 2016, Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì gbé ère Mọ́remí dúró ní Ifẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 42, ó na ògùṣọ̀ sókè. Àjèjì lè ní Statue of Liberty ti New York la wò ṣe é. Ẹni tó gbọ́ ìtàn mọ̀ pé iná ló ṣẹ́gun àwọn tó fi koríko bora wá kó Ifẹ̀ lẹ́rù, Mọ́remí ló sì lọ tú àṣírí wọn wá. Ní Matanzas, Cuba, Carlota náà ní ère ní Triunvirato, oko ìrèké níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti wà lára àwọn aṣáájú ọ̀tẹ̀ ẹrú ní 1843. Lukumí, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Cuba, ni wọ́n ń pè é; ọmọ wa ni.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Bí ẹgbẹ́ yìí bá máa dáwó ère, ẹ má jẹ́ ká ṣe “Ìyá Yorùbá” tí kò lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká yan ẹni tó ṣiṣẹ́, bíi Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tó kó obìnrin Ẹ̀gbá jọ nítorí owó orí títí Aláké fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Ká kọ orúkọ, oríkì àti iṣẹ́ rẹ̀ sí ìdí ère lédè Yorùbá, kí ọmọ tí a bí sókè òkun lè kà á sókè. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi orúkọ obìnrin kan lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ kí a tó tú ká.