Àgbọ̀n Tí Kò Dẹ́kun Gígùn

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ǹjẹ́ ó tọ́ nínú òfin Islam kí ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ gùn jù ṣe iṣẹ́ abẹ láti dín in kù? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Nígbà tí Arfajah ọmọ As‘ad pàdánù imú rẹ̀ lójú ogun Kulāb, fàdákà ni ó kọ́kọ́ fi ṣe òmíràn. Nígbà tí ìyẹn ń rùn, Ànábì yọ̀ǹda kí ó fi wúrà ṣe é. Títún àbùkù ṣe yàtọ̀ sí yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà fún ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú èyí: kí ni ó mú àgbọ̀n náà gùn?

Bí ó bá jẹ́ pé láti ìgbà ìbàlágà ni ó ti gùn, tí ó sì dúró, ìrísí ẹni náà lè ni. Àmọ́ bí ẹni tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún bá rí i pé àgbọ̀n òun tún ń gùn, tí eyín ìsàlẹ̀ ń yọ kọjá ti òkè, tí àlàfo ń ṣí láàárín eyín, kí ó fura. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, tí a ń pè ní pitúítárì. Láti ibẹ̀ ni họ́mónù ìdàgbàsókè ti ń wá. Bí kókó bá hù níbẹ̀ (kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ), họ́mónù náà á pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ á sì máa tú èròjà tí ń jẹ́ IGF-1 jáde lápọ̀jù, egungun àti ẹran ara á sì máa nípọn. Pierre Marie, oníṣègùn ará Faransé, ni ó sọ àìsàn yìí ní acromegaly ní ọdún 1886.

Kò wọ́pọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń wọlé, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọdún fi ń kọjá kí a tó mọ̀ ọ́n. Òrùka kò wọ ìka mọ́, bàtà ti há, ohùn ń ki, ahọ́n ń tóbi, òógùn ń pọ̀, orí ń fọ́, ojú kò rí ẹ̀gbẹ́ dáadáa mọ́. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè tẹ̀ lé e. Àwọn ará ilé á ní iṣẹ́ ayé ni. Àwọn Alfa kan, Ọlọ́hun mọ̀ wọ́n, á sì gba owó hàǹtú lórí rẹ̀.

Bí a bá gé egungun nígbà tí họ́mónù náà ṣì ń pọ̀, àgbọ̀n lè tún gùn, owó á sì ṣòfò. Èyí tí ó burú jù ni pé ahọ́n ńlá àti ọ̀nà ọ̀fun tí ó ti há lè dí èémí aláìsàn nígbà tí wọ́n bá fún un ní oògùn oorun, pàápàá bí oníṣẹ́ abẹ kò bá mọ̀ ṣáájú. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò fún IGF-1. Bí ó bá ga, wọn yóò fún un ní gíráàmù 75 glúkóòsì mu. Lára ẹni tí ó lera, họ́mónù ìdàgbàsókè á lọ sílẹ̀ gidigidi. Lára aláìsàn yìí, kò ní lọ sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ya àwòrán MRI. Inú imú ni wọ́n sábà ń gbà yọ kókó náà. Abẹ́rẹ́ àti ìtànṣán wà pẹ̀lú. Ìgbà tí họ́mónù bá ti wálẹ̀ tí ó sì dúró ni ọ̀rọ̀ àgbọ̀n tó kàn.

Ẹni tí ó bá fura sí ara rẹ̀, kí ó mú àwòrán rẹ̀ ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn dání lọ bá dókítà, kí ó lè fi í wé ojú tí ó wà níwájú rẹ̀.