Ewé Ẹfinrin: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Àgbẹ̀ Oníkòkó

Ọ̀rọ̀ kòkó ni ẹ máa ń retí lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ewé ẹfinrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí ohun tí mo rí nínú oko kan nígbà òjò. Bàbá olóko ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn bàbà sára kòkó rẹ̀ nítorí àrùn tí ń sọ èso di dúdú. Kò pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń já ẹfinrin lábẹ́ igi kan náà fún ọbẹ̀ alẹ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á nù. Inú rẹ̀ kò dùn sí mi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ ewé tí oògùn kòkó ta sí lára. Ẹ gbìn ín sẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa. Irúgbìn rẹ̀ kéré púpọ̀. Ẹ fọ́n ọn sórí ilẹ̀ kíkúnná, kí ẹ má sì fi erùpẹ̀ púpọ̀ bò ó. Bí ó bá fẹ́ yọ òdòdó, ẹ gé orí rẹ̀, yóò sì tún rúwé.

Ẹ̀yin náà mọ adùn rẹ̀ nínú ẹ̀wà, àti nínú ọbẹ̀ gbígbóná tí a ń sè fún ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ìyá mi kì í fi í sí ìkòkò títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì ní ìdí: òórùn ewé náà ń bẹ nínú òróró kan tí ń bá ooru lọ. Nínú òróró yìí ni táímọ́ọ̀lù wà, èyí tí àwọn òyìnbó ń fi sínú oògùn ìfọnu nítorí pé ó ń pa kòkòrò àrùn. Ní 1969, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ àyẹ̀wò jáde lórí ewé yìí, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣègùn wa ti ń lò ó.

Nítorí náà, èmi kì í fi àwọn àgbà ṣẹ̀sín bí wọ́n bá fún omi rẹ̀ mọ́ iyọ̀ díẹ̀ fún inú rírun. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ ni ń tán lọ, ẹfinrin kò sì lè dá omi náà padà. Ẹ se omi lítà kan, ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí mọ́ ọn, kí ṣíbí kún déédéé, kí ó má ga téńté. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bẹ nínú ìgbẹ́ náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dúró de àgbo.