Ìgò tí kò gbọdọ̀ ga ju àyà lọ

(Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ní ilé ìwòsàn, bá wa sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka.)

Nígbà tí Akọ̀wé yín kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ tí ń fa omi jáde lára aláìsàn àti èyí tí ń fa omi sí i lára, mo kọ́kọ́ bi ara mi pé kí ni ó kan awakọ̀ àti ẹni tí ń dúró ti máṣíìnì nínú èyí? Ṣùgbọ́n mo rántí pé àwọn gan-an ni wọ́n ń gbé wá bá wa jù lóru. Mo sì rántí pé ẹ̀yin kọ́ ni ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù yóò ṣe àjèjì sí.

Awakọ̀ wo ni kò tíì fa bẹntiróòlù láti inú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì rí? Ẹ ó ti rọ́bà bọ inú táǹkì, ẹ ó fi ẹnu fà á díẹ̀, ẹ ó sì tètè gbé ẹnu rọ́bà náà sínú kẹ́ẹ̀gì nílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kẹ́ẹ̀gì bá wà nísàlẹ̀, bẹntiróòlù yóò máa wá fúnra rẹ̀. Ẹ wá gbé kẹ́ẹ̀gì náà ga ju táǹkì lọ, kí ẹ wò ó bí kò ní padà síbi tí ó ti wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀. (Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé fi ẹnu fà á. Èyí tí ó bá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró burú ju èyí tí ó lọ sínú ikùn lọ. Bí ẹnì kan bá sì ti gbé e mì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sì mú un bì, nítorí bí ó ti ń bì ni ó lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.)

Bí ọkọ̀ bá forí sọ ọkọ̀, sítíárìn a máa gbá awakọ̀ láyà. Egungun ìhà lè ṣẹ́ kí ó gún ẹ̀dọ̀fóró. Afẹ́fẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ yóò wá jókòó sí àárín ẹ̀dọ̀fóró àti ògiri àyà, níbi tí kò yẹ kí ohunkóhun wà ju omi díẹ̀ tí ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa yọ̀ lára ara wọn. Ẹ̀dọ̀fóró á rọ̀ jọ bí táyà tí ó ti jò. Ohun tí dókítà yóò ṣe ni pé yóò la àárín egungun ìhà méjì, yóò ti rọ́bà bọ ibẹ̀, ìdí rọ́bà náà yóò sì wà nínú ìgò tí a bu omi sí, yóò wọ inú omi ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2. Ilẹ̀ ni ìgò yìí ń wà. Bí aláìsàn bá mí síta tàbí tí ó bá wúkọ́, afẹ́fẹ́ inú àyà yóò máa hó jáde nínú omi, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí fọkanáísà bá ki túùbù tí ó jò bọ inú báàfù omi. Afẹ́fẹ́ lè jáde, ṣùgbọ́n kò lè padà, omi ti dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Dókítà Gotthard Bülau, ará Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí 1875 fún àwọn tí ọyún wà láyà wọn, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1891. Kò sí mọ́tò nínú rẹ̀, kò sí iná. Rọ́bà, ìgò àti omi ni. Èmi tí mo ti tú oríṣiríṣi ẹ̀rọ olówó ńlá palẹ̀, n kò tíì rí èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún tó o.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní mọ́tò ni ènìyàn máa ń fi ojú yẹpẹrẹ wò. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń ti awakọ̀ lọ́rì kan lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun. Àbúrò rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ó rí i pé nọ́ọ̀sì gbé ìgò dírípù sókè, òun náà sì gbé ìgò ilẹ̀ sókè, ó gbé e lé èjìká, ó rò pé òun ń ṣèrànwọ́. Omi pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà nínú rọ́bà, ó dorí kọ àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí ń bọ̀ láti òdìkejì ni ó figbe ta, tí ó já ìgò náà gbà tí ó sì gbé e sílẹ̀. Ẹ rántí kẹ́ẹ̀gì àti táǹkì. Ọmọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀, kò sí ẹni tí ó sọ fún un ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ kí ẹlẹgbẹ́ yín tí ó ní ìgò nílẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má ṣe jókòó lé rọ́bà, ẹ má sì dì í nítorí pé ó ń hó. Ẹni tí ó bá dí rọ́bà tí ń hó ti há afẹ́fẹ́ mọ́ inú àyà ọlọ́jà. Bí omi inú rọ́bà bá ń lọ sókè sódò bí ó ti ń mí, àmì rere ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dé gìrìgìrì, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Bí ó bá ju lítà kan ààbọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ lè dé.

Ti dírípù kò gùn. Òun ni ó ń fẹ́ òkè, nítorí láti òkè ni omi fi ń wọ inú iṣan. Dókítà Thomas Latta ti fi omi oníyọ̀ sínú iṣan àwọn tí kọ́lẹ́rà ń pa lọ ní Leith, ní ilẹ̀ Scotland, ní 1832. Rọ́bà tí ó wọ́pọ̀ ń kán ẹ̀kán 20 fún mílílítà kan. Bí lítà kan bá máa lo wákàtí 8, ẹ̀kán 42 ni nọ́ọ̀sì ń kà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe tú u kí ó lè tètè tán. Níbi tí oògùn bá le tàbí tí ọmọdé bá ni, wọ́n á fi pọ́ǹpù oníná ti omi náà. Bí pọ́ǹpù yìí bá ń ké, ó ní ohun tí ó rí: afẹ́fẹ́ wà nínú rọ́bà, tàbí ọ̀nà dí, tàbí bátìrì ń kú lọ. Mo ti rí àwọn ẹbí tí ń tẹ bọ́tìnì kí ó lè dákẹ́ kí wọ́n lè sùn. Ta ni nínú yín tí iná epo ẹ́ńjìnì rẹ̀ tàn tí ó fi aṣọ bò ó?

Ẹ̀kẹta ni ó mú mi wá. Ẹ̀rọ sọ́kíṣọ̀n ni. Mọ́tò yóò fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ìgò, ìgò náà yóò sì gba ẹnu rọ́bà fa èébì, ẹ̀jẹ̀ tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò ní ọ̀nà ọ̀fun ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá dí pátápátá, ìṣẹ́jú 4 sí 6 ti tó kí ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n gbé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan wá tí nǹkan já lù lórí. Ó ń bì, èébì sì kún ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n tan sọ́kíṣọ̀n. Mọ́tò rẹ̀ ń dún dáadáa, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò ní kò sí wàhálà. Kò fa nǹkan kan. Rọ́bà tí ó yí ẹnu ìgò ká ti là, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo mọ̀ pé ó ti là. Mo ti kọ ìwé béèrè òmíràn láti oṣù mẹ́ta, ìwé náà sì wà lórí tábìlì ẹnì kan. Mo fi pílásítà wé e, mo ní yóò ṣì gbé wa fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n yí ọkùnrin náà sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀, nọ́ọ̀sì sáré lọ gbé ẹ̀rọ mìíràn ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí ó tó dé, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Rọ́bà tuntun dé ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ó rọrùn láti sọ pé ẹ̀bi ọ́fíìsì ni, wọ́n sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n mo lè kọ ìwé lẹ̀ mọ́ ọn pé kí a má lò ó. N kò kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mo ń dán sọ́kíṣọ̀n wò: mo tan án, mo fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà, mo ń wo gééjì. Bí ọwọ́ gééjì kò bá gòkè kí ó sì dúró síbẹ̀, ibì kan ń jò. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹ lọ bi àwọn tí ń tọ́jú kílíníìkì ilé-iṣẹ́ yín pé ìgbà wo ni wọ́n dán tiwọn wò kẹ́yìn. Kí àwọn aṣojú yín fi àtàǹpàkò ara wọn dí i. Kí wọ́n sì béèrè ohun tí wọn yóò lò nígbà tí iná bá lọ, nítorí èyí ni Alága fẹ́ kí ẹ dìbò lé lórí lónìí: bóyá kí a yọ lára owó ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ fi ra sọ́kíṣọ̀n tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Kò nílò iná, kò nílò dísẹ́ẹ̀lì. Èrò tèmi ni pé kí ilé-iṣẹ́ ni ó sanwó rẹ̀; ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí a máa dúró dè wọ́n, ẹ rántí oṣù mẹ́ta tèmi. Ẹ má sì rà á láì ní kí nọ́ọ̀sì kọ́ ènìyàn bí méjì ní ìpín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí a kì í ti rọ́bà jìn ju ibi tí ojú rí lọ, a kì í sì fà á ju ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan.

Mo yá ọ̀kan wá, òun ni ó wà lórí tábìlì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá omi. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí a tó dìbò.