Ọ́ìlì Tí Ó Yẹ Jíà Ọkọ̀ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ ní ìpàdé ọdọọdún)

Ẹ̀yin baba àti ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbò nílé àti lẹ́yìn odi, bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kéré jù fún irú ìpàdé yìí, kí ó rántí pé oríta ni ìlú wa. Ọ̀nà Èkó sí Benin gba àárín wa kọjá. Ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa sì wá pàdé rẹ̀. Oríta yìí ni ó mú ogun bá wa ní 1967. Òun náà ni ó ń bọ́ púpọ̀ nínú wa lónìí. Ẹni tí kì í wa ọkọ̀, ọkọ̀ ni ó ń kó kòkó, gẹdú tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Ọgbọ́n tí a fẹ́ sọ yìí, ìyà ni ó kọ́ wa. A lọ ra ọ́ìlì fún jíà ọkọ̀ wa, ẹni tí ó tà á sì ní èyí tí nọ́ḿbà rẹ̀ ga jù ni ó dára jù. A gbà á gbọ́. Nígbà tí ó yá, jíà bẹ̀rẹ̀ sí ké bí a bá fẹ́ ti ẹ̀kejì bọ́ sí ẹ̀kẹta. Mẹkáníìkì tú u, ó sì fi hàn wá pé àwọn òrùka idẹ inú rẹ̀ ti jẹ. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni a fi tún un ṣe.

Ẹ ó rí GL-4 tàbí GL-5 lára agolo ọ́ìlì jíà. Nọ́ḿbà yìí kì í ṣe oyè. Iṣẹ́ ni ó ń sọ. GL-5 ni èròjà imí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ jù, nítorí àwọn irin eléyín ìdí ọkọ̀ tí ó ń yí táyà ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fi agbára ńlá ha ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ jíà tí a ń fi ọwọ́ yí, òrùka idẹ ni ó ń mú kí irin méjì sáré bákan náà kí wọ́n tó wọnú ara wọn. Òrùka yìí gbọ́dọ̀ lè gbá irin mú. GL-5 lè yọ̀ jù fún un, èròjà rẹ̀ sì lè máa jẹ idẹ nígbà tí jíà bá gbóná. GL-4 ni ó sábà máa ń bá irú jíà bẹ́ẹ̀ mu.

Nọ́ḿbà kejì, bí 80W-90, kíki ọ́ìlì ni ó ń sọ. Kí a má rò pé 90 ti jíà ki ju 40 ti ẹ́ńjìnnì lọ ní ìlọ́po méjì. Òṣùwọ̀n wọn ni ó yàtọ̀. Ọkọ̀ mìíràn tilẹ̀ wà, bí ọ̀pọ̀ Honda àtijọ́, tí ó jẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni jíà rẹ̀ ń lò. Nítorí náà, ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá ni adájọ́, kì í ṣe ẹni tí ń tajà.

Ẹ̀yin ará wa ní Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, bí ẹ bá ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ wa, bí ìwé kò bá sí, ẹ béèrè kí ẹ tó rà. Abéèrè kì í ṣìnà. Agolo ọ́ìlì kan kò wọ́n tó jíà tuntun, kò sì wọ́n tó òru ọjọ́ kan nínú igbó pẹ̀lú ẹrù lórí ọkọ̀.

Kí àlọ àti àbọ̀ wa ó dára.