Ẹ Má Torí Ẹ̀rọ Fi Ìwé Èsì Ìbò Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ìgbaradì fún ìdìbò

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwúrí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, àti ohun tí ó yẹ kí olúkúlùkù yín ṣe ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́.

Ẹ óò rántí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2015. Ní Otuoke ní ìpínlẹ̀ Bayelsa, Ààrẹ Goodluck Jonathan fúnra rẹ̀ wá síwájú ẹ̀rọ tí ń ka káàdì ìdìbò, ẹ̀rọ náà kò sì dá ìka rẹ̀ mọ̀. Wọ́n gbìyànjú títí, ó kọ̀. Ìwé orúkọ àwọn òǹdìbò ni wọ́n padà lò fún un kí ó tó lè dìbò. Bí ẹ̀rọ bá lè kọ ìka Ààrẹ tí ó wà lórí oyè, ìka ta ni kò lè kọ̀?

Lẹ́yìn èyí ni BVAS dé, tí ń wo ìka àti ojú òǹdìbò, tí a sì fi ń ya àwòrán ìwé èsì ránṣẹ́ sí ojú òpó IReV kí gbogbo ayé lè rí i. N kò kẹ́gàn rẹ̀ o. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń fi orúkọ òkú dìbò ní ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀ kò ní kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ìṣúra bá wà ni olè ń ṣọ́. Lọ́dún 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, tí ó jẹ́ Alága àjọ INEC nígbà náà, sọ ní gbangba pé àwọn kan gbìyànjú láti já wọ ojú òpó náà nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì àti Ọ̀ṣun, àti pé láti ilẹ̀ Éṣíà ni àwọn mìíràn nínú wọn ti ń ṣe é. Wọn kò rí i wọ̀.

Ó wá di ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023. Èsì ìdìbò ilé aṣòfin ń dé ojú òpó náà, ti Ààrẹ kò dé fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àjọ náà ṣàlàyé pé kì í ṣe olè ni ó wọlé, pé àbùkù kan nínú ètò ẹ̀rọ tiwọn ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: olè kò wọlé, ilẹ̀kùn ni kò ṣí fún onílé! Lójú tèmi, ẹni tí ó ti ṣèlérí fún ará ìlú pé wọn yóò fi ojú ara wọn rí èsì, tí kò sì pèsè ọ̀nà kejì sílẹ̀, ó jẹ̀bi. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ibi ìwòran ni IReV jẹ́, kì í ṣe ibi tí a ti ń ro èsì pọ̀, àti pé kíkọ̀ tí ó kọṣẹ́ kò tó láti fagi lé ìdìbò.

Níbo wá ni èsì wà? Ó wà nínú fọ́ọ̀mù EC8A, tí a fi ọwọ́ kọ ní ibùdó ìdìbò, tí ẹ̀yin aṣojú sì fọwọ́ sí. Àwòrán rẹ̀ lásán ni ẹ̀rọ ń gbé lọ.

Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun mọ ohun tí mo ń wí. Lẹ́yìn ìdìbò gómìnà ti ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022, ìwé méjì jáde láti inú àjọ kan ṣoṣo lórí iye ènìyàn tí BVAS yẹ̀ wò, iye inú wọn kò sì bá ara mu, nítorí pé a ti mú ti àkọ́kọ́ jáde kí gbogbo ẹ̀rọ tó fi ohun tí ó wà nínú wọn ránṣẹ́ tán. Lórí ìwé àkọ́kọ́ yìí ni ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ fi gba ipò lọ́wọ́ gómìnà ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a padà fún un ní oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún: àwọn ẹ̀rọ náà gan-an ni ó yẹ kí olùpẹ̀jọ́ gbé wá sí kóòtù, kì í ṣe ìwé tí a kọ nípa wọn. Nǹkan bí oṣù mẹ́wàá ni a fi jà lórí ìdìbò ọjọ́ kan.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ojú BVAS pé òdo ni iye àwọn tí a ti yẹ̀ wò. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tún un wò, kí ẹ sì kọ iye náà sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Bí ẹ̀rọ bá kú láàárín méjì, ẹ kọ ìgbà tí ó kú àti ìgbà tí ẹlòmíràn dé. Ẹ má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí iye orí rẹ̀ ní òǹkà àti ní ọ̀rọ̀ kò bá dọ́gba. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín lọ́wọ́ ọ̀gá ibùdó. Òfin ìdìbò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ yín, kì í ṣe ojú rere. Ẹ fi fóònù yà á, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé fọ́tò ti tó. Mo mọ àwọn aṣojú tí ó lọ jẹun ní ọ̀sán tí wọn kò padà wá. Ẹgbẹ́ kò mọ ohun tí yóò sọ ní kóòtù lórí ibùdó tiwọn títí di òní.

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yóò wà ní ṣíṣí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Akọ̀wé yóò jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àtùpà títí ìwé ibùdó tí ó gbẹ̀yìn yóò fi dé.