Àárín Gbùngbùn Èkó: Ta Ni Kó Kúrò Kí Ìlú Tó Dára?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó jẹ́ oníròyìn, sọ níbi àpéjọ ọdọọdún)

Akọ̀wé ní kí n má lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ sì mọ̀ pé oníròyìn kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, nítorí náà kí Alága bá mi máa wo aago.

Ohun tó bí ọ̀rọ̀ yìí ni àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé tí a ti ń wá ibi tí a ó ti ṣe àpéjọ òní. Ẹnìkan ní ká lọ ṣe é ní Freedom Park, ní Broad Street. Ẹlòmíràn fò dìde, ó ní òun ò ní gbé ọkọ̀ òun wọ Èkó lọ jìyà, pé lọ́jọ́ Sátidé, èèyàn á mọ bóun ṣe wọ Balógun, kò ní mọ bóun ó ṣe jáde. Ó ní kí ìjọba kúkú lé gbogbo àwọn tó ń tajà lójú títì, kí ojú ilẹ̀ mọ́. Ẹnìkẹta bi í pé tí wọ́n bá lé wọn tán, ṣé òun ni yóò máa bọ́ ilé wọn? Kí a tó mọ̀, ìpàdé ti di ìjà. A ò tilẹ̀ rí ibì kankan mú lọ́jọ́ náà.

Mo jókòó, mi ò sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lé.

Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì mọ ìyá mi. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ń pàtẹ sẹ́bàá títì ní Balógun: ìbọ̀sẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì, áńkáṣíìfù. Ìbọ̀sẹ̀ funfun tí wọ́n ní ká máa wọ̀ wá sí ilé ìwé, ọ̀pọ̀ yín ló rà á lọ́wọ́ wọn, àwọn kan ò sì tíì san owó rẹ̀ tán títí dòní. (Mo mọ̀ yín o.) Àtẹ yẹn ló san owó ilé ìwé mi níbí, òun náà ló rán mi lọ sí Pólì. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní Pólì, àwọn òṣìṣẹ́ kan dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n da gbogbo ọjà ìyá mi sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n lọ. Mi ò ní sọ ibi tí wọ́n ti wá. Ìyá mi tọ ọjà náà lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò rí ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan gbà. Èmi sì jókòó sílé fún sáà kan gbáko. Torí náà, bí ẹ bá rí i tí mo fì sápá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ká lé èèyàn kúrò kí Èkó lè dára, kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, èyí tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1924, ni ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tí wọ́n pè ní Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, pé kí ó tún ìlú ṣe. Nígbà tó di 1955, tí òmìnira ti ń sún mọ́lé, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé láàárín Èkó. Wọ́n ní ilé ti há jù, pé ó ń ti ìlú lójú níwájú àlejò. Wọ́n kó àwọn ẹbí lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè, èyí tó jìnnà sí ìlú nígbà náà ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Òyìnbó kan, Peter Marris, lọ bá àwọn èèyàn náà sọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1961. Ẹ wá a kà bí ẹ bá rí i. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé ilé tuntun dára, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Èkó kò rí oníbàárà mọ́, owó ọkọ̀ ń jẹ owó ọjà, ẹbí tó máa ń ríra lójoojúmọ́ sì di ẹbí tó ń ríra nígbà ìnáwó. Àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó dàgbà ṣì ń sọ ọ́. Bí ìjọba bá sọ pé òun fẹ́ tún àdúgbò kan ṣe, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Ṣé a ó padà wá?”

Ní December 12, 1991, olú ìlú kó lọ sí Àbújá. Ọ̀pọ̀ báńkì tó ní orí ilé iṣẹ́ ní Broad Street àti Marina náà sì ti rọra sọdá sí Victoria Island. Ilé gogoro tí wọ́n fi sílẹ̀, ọjà ló kún un: ìsàlẹ̀ di ìsọ̀, òkè di ibi ìkó-ọjà-sí. Ẹ dé Broad Street láago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ò ní rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí. Ẹ padà dé láago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ óò gbọ́ ìró bàtà ara yín. Ibi tí èèyàn ti ń ṣòwò tí kò sí ẹni tó ń sùn síbẹ̀ ni ibẹ̀ yẹn. Lójú tèmi, àárín ìlú wa kò kú rárá. Wákàtí mẹ́wàá ló ń gbé lójúmọ́.

Àwọn tó fẹ́ jí i dìde ti ṣe iṣẹ́ tó dáa, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Freedom Park tí a tìtorí rẹ̀ jà yẹn, ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó ni tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mọ ní 1882. Ọ̀gbẹ́ni Theo Lawson, ayàwòrán-ilé, ló yàwòrán rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 2010 nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni wọ́n kọ́ ìtàgé sí. Ibi tí wọ́n ti ń dáná fún ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ara mi bù máṣọ, lẹ́yìn náà ni mo jẹ ẹja yíyan. Ní Oníkan, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tí Dókítà J. K. Randle kọ́ fáwọn ará Èkó ní 1928 ti ní ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́, Ààrẹ Buhari ló ṣí i ní January 2023. Reluwé náà ti dé: láti September 4, 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń kó èrò láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà mẹ́tàlá, ibùdókọ̀ márùn-ún. Ẹni tó bá mọ ìyà ojú ọ̀nà Ọ̀rílé kò ní fi reluwé yẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ilé Ìlọ́jọ, tó wà ní Tinúbú Square, ilé àwọn Fernandez, ọ̀kan nínú ilé tí a fi ń rántí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé. Láti 1956 ni ìjọba àpapọ̀ ti kà á sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ Sunday kan, September 11, 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Àwọn kan ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó pa èèyàn, àwọn kan ní ṣe ló yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Ọdún yẹn kan náà, ní July, Gómìnà Ambode kéde pé òun ó fẹsẹ̀ òfin 2003 múlẹ̀ lórí ọjà títà lójú títì: ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, àti ẹni tó tà àti ẹni tó rà. Èmi sì rántí pé mo bi ara mi pé, kí ló dé tí ilé tí òfin ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn ṣe wó ní ọjọ́ ìsinmi, tó sì jẹ́ pé ìbọ̀sẹ̀ ìyá mi ni òfin rí dáadáa?

Mo ti sọ pé mo fì sápá kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dà mí rú.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó jókòó lápá ọ̀tún yẹn, ẹnjiníà ni, òun ló ní kí wọ́n lé wọn. Lẹ́yìn ìpàdé, ó pè mí lórí fóònù. Kò bẹ̀ mí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ìyá ẹ ni mò ń rò o. Níbo ni ọkọ̀ panápaná máa gbà?” Mo bínú, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e mo lọ rojọ́ fún ìyá mi ní ìdí àtẹ wọn, mo rò pé wọ́n á bá mi bú u.

Ìyá mi ò bú u. Wọ́n ní, “Òótọ́ ló sọ.” Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti November 5, 2019, ọjọ́ Tuesday, nígbà tí iná mú ilé alájà púpọ̀ ní Balógun. Wọ́n ní ọkọ̀ panápaná ń fọn fèrè, àwọn ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn ò rí i. Agboòrùn, tábìlì, ọmọlanke, ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sí àárín ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn náà gbé àtẹ tàwọn tán kí àwọn tó rántí pé àtẹ tàwọn wà lára ohun tó dí ọ̀nà. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣe àjọ, gbogbo léèsì rẹ̀ ló jóná sí àjà kẹta. Kò pé oṣù mẹ́ta, ní January 29, 2020, iná tún sọ ní Balógun. “Láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó síbí,” ìyá mi ní, “kò sí ẹni tó fa ìlà sílẹ̀ rí pé, Ìyá, ẹ má kọjá ibí. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí wọn ò bá wá, a ó tẹ́ ẹ dé àárín títì.”

Alága, láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti fara mọ́ ẹni tó ní kí wọ́n lé wọn tàbí ẹni tó ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fa ìlà. Kí ọkọ̀ panápaná ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ọjà sí, ì báà ṣe ìyá mi, ì báà ṣe ọlọ́jà ńlá tó ń já kòǹténà lójú títì láago méjì ọ̀sán, tí kò sí ẹni tó ń kó tirẹ̀. Kí ẹni tó wà nínú ìlà san owó tó ní rìsíìtì, kì í ṣe owó tí oríṣi èèyàn mẹ́ta ń gbà láàárọ̀ láìní ìwé. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ó rọrùn lẹ́nu. Ó rọrùn ju kí a máa kó ìbọ̀sẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n sì máa ń dá lábàá, pé kí a kọ́ ilé ọjà gogoro kí gbogbo wọn wọ inú rẹ̀, ẹ bi àwọn ará Tẹ́júoṣó léèrè. Iná jó ọjà wọn ní 2007; ìgbà tí wọ́n kọ́ tuntun parí ní 2014, ilé náà rẹwà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní owó ìsọ̀ ti ga ju agbára àwọn lọ. Ẹni tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ kì í retí ẹni tó ti ilé wá ra ìbọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ ra nǹkan míì ló ń retí. Ta ni yóò gun àtẹ̀gùn mẹ́ta torí áńkáṣíìfù?

Ẹnjiníà wa kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí fóònù ṣá o. Ó bá wa wá ìsọ̀ kékeré kan ní àjà kejì ilé kan lẹ́yìn ibi tí ìyá mi ń pàtẹ sí, ó sì bá wa bẹ lándílọ́ọ̀dù kí ó gba owó ọdún kan dípò méjì. A ti san án. Ibẹ̀ ni ìyá mi ń kó ọjà sí báyìí. Àwọn fúnra wọn ṣì wà nísàlẹ̀, lórí àpótí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa àtẹ sẹ́yìn kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síwájú rẹ̀. Bí òjò bá ti pa á rẹ́, wọ́n á tún un fà. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti ń fa tirẹ̀ náà. Ẹni kẹta sọ pé òun ò ya wèrè.

Alága ti ń na ọwọ́ sí aago. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ owó ìbọ̀sẹ̀, ìyá mi wà níbẹ̀ láti Monday dé Sátidé. Reluwé á gbé yín dé Marina.