Oògùn Ojoojúmọ́ fún Àrùn Kògbóògùn

Nígbà tí àrùn éèdì kọ́kọ́ tàn dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní àrùn kògbóògùn. Orúkọ náà bá ìgbà rẹ̀ mu, nítorí pé kò sí oògùn kan nígbà náà tí ó lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1996 ni àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé bí wọ́n bá pa oògùn mẹ́ta pọ̀ fún aláìsàn, kòkòrò HIV kì yóò lè máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2002 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò pínpín oògùn wọ̀nyí; ní ọdún 2006, ó sọ wọ́n di ọ̀fẹ́. Lónìí, hóró kan ṣoṣo lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò. Orúkọ àtijọ́ nì kò yé pa ènìyàn síbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ kì í lọ sí ilé ìwòsàn.

Oògùn yìí kì í pa gbogbo kòkòrò náà tán. Ó ń dè é mọ́lẹ̀ ni. Díẹ̀ nínú wọn a máa sá pamọ́ sínú ara, níbi tí oògùn kò lè bá wọn. Bí ẹni náà bá dáwọ́ dúró, wọn yóò jáde, wọn yóò sì tún gbilẹ̀. Èyí tí ó tún burú ni lílo lónìí, fífò lọ́la: ìwọ̀nba oògùn tí ó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ kò tó láti borí kòkòrò, ṣùgbọ́n kòkòrò lè ti ibẹ̀ kọ́ bí yóò ti máa yẹra fún un. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní SMART, ẹni 5,472 ní orílẹ̀-èdè 33 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń lo oògùn láìdáwọ́ dúró. Apá kejì ń sinmi nígbà tí ara wọn bá le. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006, wọ́n dá ìsinmi náà dúró, nítorí pé ewu àìsàn ńlá tàbí ikú fún àwọn tí ń sinmi ti ju ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù lọ.

Kí ló dé tí ènìyàn fi ń já ohun tí ó gbé e ró sílẹ̀? Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe àìgbọ́n. Ẹ fi ojú inú wo obìnrin kan tí ń ta ẹ̀fọ́, tí ó lọ síbi ìsìnkú ní ìlú ọkọ rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan. Bí ó bá yọ ike oògùn jáde, ìyá ọkọ rẹ̀ yóò bèèrè pé oògùn kí ni. Nítorí náà ó fi ike náà sílẹ̀ nílé. Ìtìjú ni ó gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo bá mọ ọ̀ràn náà, tí ó lè gbé ife lé e lọ́wọ́ lálẹ́ kí ó sì wí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi yín rè é o," ọjọ́ márùn-ún náà ìbá kọjá láìsí ewu.

Ẹlòmíràn a dáwọ́ dúró nítorí ayọ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn kò rí kòkòrò mọ́. Ó lọ ṣe ìdúpẹ́, ó sì da oògùn nù. Ohun tí àyẹ̀wò náà wí ni pé kòkòrò ti kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kò fi lè kà á. Oògùn ni ó sì sọ ọ́ di kékeré. Ẹni tí ó bá wà bẹ́ẹ̀, tí kò sì fo oògùn rẹ̀, kì yóò kó àrùn náà ran aya tàbí ọkọ rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀.

Ẹni tí ń gba ààwẹ̀ lè bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, kí ó máa lo ti rẹ̀ ní àkókò sààrì tàbí ìṣínu. Ẹni tí ó bá gbàgbé, kí ó lò ó bí ó bá ti rántí. Ṣùgbọ́n bí àkókò èyí tí ó kàn bá ti sún mọ́, kí ó dúró dè é, kí ó má sì lo méjì pọ̀. Ẹni tí ó ti já a sílẹ̀, ìbáà ṣe oṣù kan tàbí ọdún mẹ́ta, lè padà sí ilé ìwòsàn. Wọn yóò tún yẹ ara rẹ̀ wò, wọn yóò sì mọ oògùn tí yóò bá a mu.